Lẹ́tà Ọjọ́ Ajé

"Já a dànù," ni ọ̀gá wí. "Kí la tún ń wò?"

Kò jókòó. Ó dúró ti tábìlì Adájọ́, ó na fóònù rẹ̀ sí i kó lè fi ojú ara rẹ̀ ka iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ńlá kan fi ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà. Ìlà mẹ́rin péré ni. Wọ́n ní láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ìkànnì kan tó wà lórí ẹ̀rọ wọn ti da ọ̀kẹ́ méjì lẹ́tà lé àwọn oníbàárà àwọn lórí, tí gbogbo rẹ̀ ń polówó oògùn kan tí ń mú ikùn wọlé. Wọ́n ní nítorí náà àwọn ti dínà mọ́ gbogbo lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ìbáà jẹ́ ti ẹni rere, ìbáà jẹ́ ti ẹni burúkú, títí wọn yóò fi wá nǹkan ṣe sí ìkànnì náà.

Láti aago mẹ́jọ ni fóònù ọ́fíìsì ò ti sinmi. Ilé ìwé mẹ́ta, ayàwòrán ilé kan, àti ọkùnrin kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, gbogbo wọn ló ń béèrè ìdí tí lẹ́tà tí wọ́n kọ fi ń padà sọ́dọ̀ wọn bí ọmọ tí wọ́n lé nílé ìwé.

Adájọ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá obìnrin náà sọ ọ́ o. Àwọn ará ọ́fíìsì ló fún un, nítorí pé òun nìkan ló wà ní tábìlì ẹ̀sùn. Ilé-iṣẹ́ wọn ò tóbi. Àwọn èèyàn ń gba àyè lórí ẹ̀rọ wọn láti gbé ìkànnì wọn sí, àti láti máa fi ímeèlì ránṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń fi lẹ́tà tí kò sẹ́ni tó bèèrè fún da ayé láàmú, Adájọ́ ni àwọn tí wọ́n ń dà láàmú máa ń kọ̀wé sí. Yóò kìlọ̀ fún oníbàárà náà lẹ́ẹ̀kan, yóò kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta yóò já okùn rẹ̀. Ọdún márùn-ún rèé tó ti ń ṣe é. Iṣẹ́ náà bá a lára mu, torí pé láti kékeré ni òfíntótó ti wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó má ṣí ìkòkò, àfi kó ṣí i kó tó lè sùn.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn lọ́jọ́ yìí ni pé ẹnikẹ́ni ò tíì fẹjọ́ ìkànnì náà sùn ní tábìlì rẹ̀ rí. Ọ̀kẹ́ méjì lẹ́tà, kò sí ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn tó mọ̀ máa ń kọ̀wé ẹ̀hónú nítorí lẹ́tà ẹyọ kan tó polówó bàtà. Ara fu ú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ó wo orúkọ ẹni tó ni ìkànnì náà, ó sì tún un wò. Agbẹ̀bí ni. Ó ti wà lọ́dọ̀ wọn fún ọdún mẹ́fà, kò sì jẹ̀bi ohunkóhun rí.

Adájọ́ sọ fún ọ̀gá pé òun ti ti ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà jáde níbẹ̀, pé láti ìṣẹ́jú náà lọ, kò ní sí ẹyọ kan tí yóò jáde mọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ìkànnì náà fúnra rẹ̀ dúró ná, nítorí pé nọ́ńbà fóònù tí àwọn aboyún ń pè nígbà tí ara bá ń ro wọ́n wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá ní òfin ni òfin, àti pé àwọn tó dínà mọ́ wọn ò ní fọwọ́ sí ìdajì iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ gbọ́ pé ìkànnì náà ti kúrò pátápátá.

"Adájọ́, àbí o mọ obìnrin yìí ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, sà. Mo kàn fẹ́ mọ bí agbẹ̀bí ṣe dẹni tó ń ta oògùn tí ń mú ikùn wọlé."

Ọ̀gá ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wo aago ara ògiri. Ó ní òun fún un di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá mú àlàyé tó ṣeé gbọ́ sétí wá nígbà náà, òun fúnra òun lòun máa já a, orúkọ agbẹ̀bí náà yóò sì wọ ìwé àwọn tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbà mọ́ láé.

Ilé agbẹ̀bí náà jẹ́ ilé ilẹ̀, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé títí dé ìdajì ògiri. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, obìnrin márùn-ún jókòó sórí rẹ̀, oyún ọ̀kan ga ju ti èkejì lọ. Òṣùwọ̀n kan wà ní kọ̀rọ̀, kọ́tìnnì funfun sì pín yàrá náà sí méjì. Lẹ́yìn kọ́tìnnì yìí ni ohùn ìyá àgbà kan ti ń sọ fún ẹnì kan pé kó mí, kó má gbàgbé pé mímí ò gba ìwé àṣẹ.

Adájọ́ kágò, ṣùgbọ́n Ìyá Agbẹ̀bí ò dá a lóhùn títí tó fi gbọ́ ìró ọkàn ọmọ tó ń gbọ́ tán. Nígbà tó jáde, Adájọ́ rí i pé ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó kúrú, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó sì fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Adájọ́ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyá náà wo ikùn rẹ̀ kó tó wo ojú rẹ̀, ó béèrè bóyá ó lóyún. Nígbà tó gbọ́ pé rárá, ó ní kí ló wá ń wá lórí ìlà àwọn aboyún nígbà náà.

Adájọ́ sọ ibi tó ti wá, ó sì sọ ohun tí ìkànnì rẹ̀ ti ṣe láti ọjọ́ Ẹtì.

"Èmi?" ni ìyá náà wí. "Oògùn tí ń mú ikùn wọlé? Wo àwọn tó jókòó yìí, ọmọ mi. Kí ikùn wọn yọ síta dáadáa ni mo ń bá wọn wá."

Àwọn orí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ìyá Agbẹ̀bí mú Adájọ́ wọ yàrá kékeré kan tó fi ṣe ọ́fíìsì, ó sì ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ìkànnì náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló bá a ṣe é. Ìyá náà tìkára rẹ̀ ló jókòó kọ lẹ́tà ogójì, lẹ́tà kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí oyún fi ń dàgbà. Bí obìnrin kan bá fi orúkọ sílẹ̀, tó sì sọ iye ọ̀sẹ̀ tí oyún rẹ̀ jẹ́, lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yẹn yóò dé sínú fóònù rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò sọ bí ọmọ ṣe tóbi tó, ohun tó ti lè ṣe, àti ohun tó yẹ kí ìyá rẹ̀ máa ṣọ́. Àwọn obìnrin tó ń gba lẹ́tà náà báyìí ń lọ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì fojú kàn án rí. Ó fi èyí yangàn díẹ̀, kò sì pa á mọ́ra.

Adájọ́ mú ìwé kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó ti tẹ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà oògùn náà sórí ìwé kó tó kúrò ní ọ́fíìsì. Ìyá Agbẹ̀bí gbé awò sójú, ó sì kà á.

"Ta ló jí ọ̀rọ̀ mi?" ló béèrè.

Ó fi èékánná tọ́ka sí ìlà àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: *Ọ̀rẹ́ rẹ kan tó fẹ́ràn rẹ ló ní kí n kí ọ. Fara balẹ̀ ka ohun tó fẹ́ sọ fún ọ.* Lábẹ́ rẹ̀ ni ìpolówó oògùn ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà ní òun lòun kọ ìlà yẹn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, àti pé ó ti pẹ́ kóun tó rí ọ̀rọ̀ tó tutù tó bẹ́ẹ̀.

Inú Adájọ́ dùn bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ tó ti ń wá. Ó ní kí ìyá náà fi ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wà lórí ìkànnì han òun. Àpótí kékeré kan ni, nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ tó lóyún lè kọ àdírẹ́ẹ̀sì ọ̀rẹ́ náà síbẹ̀, kó kọ iye ọ̀sẹ̀ oyún kí lẹ́tà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lè máa dé bá a, kó sì kọ ohun yòówù tó bá fẹ́ bá a sọ. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà ti lọ nìyẹn. Àpótí náà ò béèrè ẹni tó o jẹ́. Kò bèèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà bóyá ó fẹ́. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ inú rẹ̀, ògiri yìí sì ti lanu gbàgà. Àwọn olóògùn ti rí i, wọ́n sì kọ́ ẹ̀rọ kan tí ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì síbẹ̀ tọ̀sán tòru.

"Ìyá, kí ló dé tí kò fi kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ̀wé sí?"

"Ọkọ ọmọ mi sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Mo ní rárá. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, ẹ̀rù ń bà á, kò tíì mọ ẹni tó máa sọ fún. Ṣé èmi náà á tún máa ní kó wá tẹ nǹkan, kó wá fọwọ́ sí nǹkan? Inú ilé ni mò ń gbà á sí, èmi kì í ṣe aṣọ́bodè."

"Tí ẹnì kan bá fẹ́ kúrò nínú ẹ̀ ńkọ́, mà? Mi ò rí ibi tó máa tẹ̀."

"Kúrò lọ síbo? Oyún ni, kì í ṣe bọ́ọ̀sì." Ó ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà bó ṣe ń sọ ọ́, kí àwọn orí bẹ́ǹṣì lè gbọ́. "Tó bá ti bímọ, lẹ́tà á dúró fúnra ẹ̀."

Àwọn obìnrin náà tún rẹ́rìn-ín, Adájọ́ bá wọn rín in.

Ó ti dìde láti máa lọ nígbà tí ìyá náà fi ìbéèrè dá a dúró. Ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó gba lẹ́tà náà wí. Adájọ́ jẹ́wọ́ pé ẹnikẹ́ni ò wí nǹkan kan. Ìyá Agbẹ̀bí bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn? Níbí yìí, tí omi bá pẹ́ kó tó gbóná, mo máa gbọ́ ọ láti ojú títì. Ibo ni wọ́n ń kó ẹ̀sùn sí lọ́dọ̀ yín? Lọ wo etí yín, ọmọ mi. Bóyá nǹkan ló dí i."

Adájọ́ fi ẹ̀rín dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a wọ bọ́ọ̀sì. Kí bọ́ọ̀sì tó kọjá afárá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti rántí asẹ́.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, iṣẹ́ ti sú u. Àwọn tó ń fi lẹ́tà ìpolówó da ayé láàmú ò yọ tábìlì ẹ̀sùn sílẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń polówó aago, irun àti ilẹ̀ fún òun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lé wọn. Ó bá fi asẹ́ sí ẹnu ọ̀nà tábìlì rẹ̀. Ohunkóhun tó bá jọ ìpolówó, asẹ́ náà yóò jù ú sí ààtàn kan nínú ẹ̀rọ, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ yóò sì pòórá. Ó ti gbádùn ìsinmi náà gan-an. Ó tilẹ̀ ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àwọn oníbàárà àwọn ti ń hùwà dáadáa.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ìdí tábìlì rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Ó jókòó, ó ṣí ààtàn náà. Lẹ́tà ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún ló wà níbẹ̀, tí gbogbo wọn ń ké pe òun.

Ọ̀rọ̀ náà ò le rárá. Ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ lẹ́tà burúkú sùn, yóò so lẹ́tà burúkú náà mọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹ̀rí. Asẹ́ rí oògùn nínú ẹ̀rí náà, ó sì kó ẹ̀sùn àti ẹ̀rí jù nù pọ̀. Bíi ká sọ pé èèyàn mú olè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n wá ti òun àti olè mọ́lé pọ̀. Nígbà tó sì yá, asẹ́ náà ti mọ àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì agbẹ̀bí, ohunkóhun tó bá ti ní i nínú, ààtàn ni. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún sẹ́yìn ni ẹ̀sùn àkọ́kọ́ dé, nígbà tí àwọn olóògùn ṣì ń dán àpótí náà wò pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́. Ká ní ó rí i lọ́jọ́ náà ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìbá fi parí rẹ̀. Ojú tì í débi pé ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń wò ó. Òun tó jẹ́ pé etí ló fi ń jẹun, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bú u, àwọn kan fi òfin halẹ̀ mọ́ ọn, bàbá àgbàlagbà kan sì béèrè tọkàntọkàn bóyá oògùn náà dára fún ọkùnrin. Ó ti ka èyí tó ju igba lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí kò dárúkọ oògùn rárá. Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ Ajé.

Èkíní ní: *Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tí ẹ ń kọ̀wé sí. Ẹ ṣé.*

Èkejì ní: *Mo kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òmíràn tún dé láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́.*

Ẹ̀kẹta, ti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà gan-an, gùn jù wọ́n lọ:

*Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ má bínú pé mo tún dé. Ọmọ mi kú sínú mi ní ọ̀sẹ̀ kejìlélógún. Ọ̀rẹ́ mi ló bá mi fi orúkọ sílẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, èmi náà ò rí ibi tí màá tẹ̀. Mo kọ̀wé sí agbẹ̀bí náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n ń sọ fún mi bí ọmọ mi ṣe ń tóbi sí i. Ti òní sọ pé ó ti mọ ohùn mi. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí mo kà á. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn fẹ́ kó dúró.*

Adájọ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti ka ẹ̀sùn fún ọdún márùn-ún, ó rò pé òun mọ ohun tí lẹ́tà tí a kò bèèrè fún lè ṣe fún èèyàn. Ó sunkún díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì pe Ìyá Agbẹ̀bí.

Kò ṣàlàyé púpọ̀. Ó ka lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un bí wọ́n ṣe wà. Nígbà tó parí, ó ń gbọ́ ohùn àwọn orí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ìyá náà, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó lo pè é?"

"Kejìlélógún, mà."

"Tó bá jẹ́ níbí ló ti ṣẹlẹ̀, mi ò ní jẹ́ kó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó pa orúkọ ẹ̀ rẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń pa á rẹ́, mi kì í rán ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́tàlélógójì."

"Mo mọ̀, mà."

"O ò mọ̀. Mo ní kúrò lọ síbo. Níṣojú ẹ ni mo ṣe sọ ọ́, mo sì fi pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín." Adájọ́ gbọ́ bó ṣe ti ilẹ̀kùn. "Ó ní òun kọ̀wé sí mi. Ibo ló kọ ọ́ sí?"

Adájọ́ sọ fún un pé àdírẹ́ẹ̀sì tí lẹ́tà rẹ̀ ń gbà jáde náà ló kọ ọ́ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ìyá náà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kó ti gbogbo rẹ̀ pa, gbogbo lẹ́tà ogójì. Adájọ́ ní òun lè yọ orúkọ obìnrin yẹn nìkan. Ìyá náà ní ta ló sọ fún un pé obìnrin yẹn nìkan ni. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ó yẹ kí agbẹ̀bí mọ̀ pé kò lè jẹ́ ẹnì kan. Wọ́n wá fẹnu kò sí i pé nọ́ńbà fóònù yóò dúró lórí ìkànnì, àpótí ọ̀rẹ́ yóò lọ, lẹ́tà kankan kò sì ní jáde mọ́ àfi fún ẹni tó bá wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ẹ.

"Ibi tí wọ́n á tẹ̀ láti fi dá a dúró, Ìyá, ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni wọ́n sábà máa ń fi sí."

"Lókè ni kó o fi sí. Kó tó ka nǹkan mìíràn."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tó wọlé tọ ọ̀gá. Ọ̀gá ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńlá náà. Ó ní àwọn ti lé ọ̀daràn náà dànù. Adájọ́ ní kì í ṣe ọ̀daràn, ó sì rò fún un láti orí àpótí ọ̀rẹ́ títí dórí asẹ́, kò fi ìkankan pamọ́. Ojú ọ̀gá fà ro. Ó ní òun gbọ́, òun sì bá obìnrin tó pàdánù ọmọ náà kẹ́dùn, àmọ́ bí òun bá já ìkànnì náà dànù, ṣebí lẹ́tà tirẹ̀ náà dúró nìyẹn, kálukú sinmi.

"Á dúró, sà. Àmọ́ agbẹ̀bí la máa sọ pé ó jẹ̀bi, wọn ò sì ní mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta làwa fi sùn lé e. Ẹlòmíì máa ké lọ́la, etí tó dí yìí náà ló máa ké sí. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà."

"Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tìẹ ló máa wà nínú lẹ́tà yẹn?"

"Ibẹ̀ ló yẹ kó wà."

Ọ̀gá gbé fóònù rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní kó lọ kọ ọ́, kó má sì jẹ́ kó gùn. Adájọ́ kọ ọ́ ní ìlà méje. Ó sọ ọ̀nà tí wọ́n ti dí, ó sọ ìdí tí ìkànnì náà fi ń dúró, ó sì sọ pé tábìlì ẹ̀sùn òun ni kò gbọ́ nígbà tó yẹ kó gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ọ́fíìsì mọ́ ni ìdáhùn dé. Ẹni tó wà ní tábìlì ẹ̀sùn lọ́hùn-ún ló kọ ọ́. Ó ní àwọn ti ṣínà. Ó ní àwọn náà ṣe irú rẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, pé kó má fi asẹ́ síbẹ̀ mọ́ láé, kó máa fara da ìpolówó ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ ọmọ Ìyá Agbẹ̀bí pa ẹ̀rọ tí ń ṣètò lẹ́tà náà. Adájọ́ fúnra rẹ̀ wọlé lọ yọ orúkọ obìnrin náà, ó sì rí lẹ́tà tí ì bá tún lọ bá a lọ́jọ́ Ajé, ti ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. *Ọmọ rẹ ti ń la ojú báyìí,* ni ìlà àkọ́kọ́ wí. Ó pa á rẹ́ kíá.

Ohun tó wá kù ni bí wọn yóò ṣe tọrọ àforíjì. Ìyá Agbẹ̀bí pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ kọ̀wé sí obìnrin náà, ó ní ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kóun sùn. Adájọ́ bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù. Òun náà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èkíní jọ ìwé ìjọba. Èkejì ṣàlàyé asẹ́ títí tó fi dà bí ẹni tó ń gbèjà ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta dára, ó kúrú, ó tutù, ó sì fẹ́ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí obìnrin náà lè mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ òun.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó kà á fún ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, tó sì ń fi ìwé iyanrìn ha ẹsẹ̀ àga lọ́wọ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó ní lẹ́tà náà dára. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé bí obìnrin yẹn bá gbọ́ tí fóònù rẹ̀ dún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó wo ẹni tó kọ̀wé, kí ni yóò kọ́kọ́ rò pé ó dé?

Adájọ́ gbé lẹ́tà náà kalẹ̀. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, ó sì ti ń rò ó láti ọjọ́ mẹ́ta èyí tí tirẹ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ló dé ọ́fíìsì. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣí ojú ibi tó ti lè rí gbogbo lẹ́tà tó bá ń gba ẹ̀rọ wọn jáde, ó sì tẹjú mọ́ ìlà agbẹ̀bí náà. Ó mọ̀ pé kò sí ohun tó máa jáde. Ó ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ẹtì, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò láti ilé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ bí aago méje ṣe ń sún mọ́lé.

Aago méje lù. Ìlà náà wà ní òfo. Ó dúró títí di méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nǹkan kan ò jáde, bí obìnrin náà ṣe fẹ́. Ó wá ṣí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tó kọ, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì pa á rẹ́.